Férémù alumíníọ̀mù mi sán lábẹ́ ìjókòó: ṣé iná gáàsì inú ilé lè tún un ṣe?

OlógeereKan

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Lánàá ni mo ń nu kẹ̀kẹ́ mi tí mo rí ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan lára ọ̀pá tí òpó ìjókòó wọ̀ sí, lápá ẹ̀yìn, lábẹ́ ibi tí bọ́ọ̀tì ti ń fún un. Mo rò pé irun ni, tàbí gíríìsì. Mo fi èékánná họ ọ́, kò lọ. Èékánná mi há sí i. Gígùn rẹ̀ ò ju ìdajì àtàǹpàkò lọ. Ojú lílà tó jẹ́ kí ọ̀pá náà lè fún mọ́ òpó ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ síhà ibi tí wọ́n ti jó ọ̀pá òkè mọ́ ọn.

Alumíníọ̀mù ni férémù náà, wọ́n kọ 6061, nọ́ńbà irú alumíníọ̀mù náà, sí i lára. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń gùn ún. Kò ṣubú rí, nǹkan kan ò kọ lù ú rí. Ó kàn ń dún kín-ín, kín-ín láti bí oṣù kan tí mo bá jókòó tí mo ń wà á gun òkè. Mo rò pé ìjókòó ló ń dún, mo fi epo sí i, mo gbàgbé ẹ̀.

Mo ti wo fídíò kan tí ọkùnrin kan fi iná gáàsì kékeré àti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó dán bí fàdákà dí ihò ara agolo alumíníọ̀mù, láìsí ẹ̀rọ kankan. Iná gáàsì yẹn wà nílé mi. Ṣé n ò lè ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó ṣáná.

Ìyá_Kẹ̀kẹ́

Má tíì ṣáná sí nǹkan kan.

Fa òpó ìjókòó yẹn yọ ná, kí o tó fà á, fi pẹ́ńsù fa ìlà sí ibi tó dúró dé, lẹ́yìn náà kí o fi rúlà wọn èyí tó wà nínú. Mo fẹ́ mọ iye rẹ̀. Mo tún fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀dà ló sán tàbí irin fúnra rẹ̀. Èékánná tó há kò tíì tó ẹ̀rí, ọ̀dà tó nípọn máa ń há èékánná dáadáa. Fi sáńpépà tó kúnná pa ọ̀dà ojú ibẹ̀ rẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí irin á fi yọ. Bí ìlà náà bá bá ọ̀dà lọ, o ti bọ́. Bí ó bá ṣì wà nínú irin, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ wà.

Ìró kín-ín yẹn ni kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Ṣéènì_Já

Ọ̀pá fàdákà yẹn ń ṣiṣẹ́ o, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dẹ́rù bà yín. Mo fi jó etí fèrèsé tó já, ó wà níbẹ̀ títí dòní. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin họ ojú ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó gbóná, kí ẹ fi ọ̀pá náà kàn án, fúnra rẹ̀ ni yóò yọ́ sí i. Wákàtí kan ẹ ti ṣe tán.

Iná_Búlúù

Fèrèsé kì í gbé èèyàn sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, ọ̀gbẹ́ni.

Iṣẹ́ wẹ́dà ni mo fi ń jẹun, alumíníọ̀mù ló sì pọ̀ jù nínú ohun tó ń kọjá lọ́wọ́ mi. Ọ̀pá tí ẹ ń sọ yẹn, síńkì àti alumíníọ̀mù ló wà nínú rẹ̀, ní nǹkan bí 380 sí 400 °C ló ń yọ́. Ohun tí ẹ̀yin ń bi ara yín ni pé ṣé yóò lẹ̀. Yóò lẹ̀. Èmi ò bìkítà fún lílẹ̀ rẹ̀. Ohun tí ooru yẹn ṣe fún irin tó yí i ká ló ń dùn mí.

6061 kì í le láti inú ilẹ̀ wá. Nígbà tí wọ́n bá jó férémù pọ̀ tán, wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ sínú ààrò ní nǹkan bí 530 °C kí màgnísíọ̀mù àti sílíkọ́nì inú rẹ̀ lè tú ká bí iyọ̀ nínú omi. Wọ́n á rì í bọ omi lójijì kí ó má ráyè kóra jọ. Wọ́n á wá dá a padà sínú ààrò mìíràn tí kò gbóná tó ti àkọ́kọ́, bíi 160 sí 175 °C, fún wákàtí mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀ ni àwọn èròjà yẹn ti ń ṣẹ́ jọ ní kóńkó-kóńkó tí ojú ò lè rí, àwọn kóńkó yẹn ló sì ń mú kí irin náà le. T6 tí ẹ ń rí lẹ́yìn nọ́ńbà náà nìyẹn. Irin tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún kì í tẹ̀ gbéré títí ẹrù orí rẹ̀ á fi tó bíi 270 MPa (òṣùwọ̀n bí ẹrù ṣe ń tẹ irin tó). Bí ẹ bá fi ooru bà á jẹ́ pátápátá tó padà di rírọ̀, bíi 55 ló kù. Ìdá kan nínú márùn-ún. Àwọ̀ rẹ̀ ò yí padà, ìwọ̀n rẹ̀ ò yí padà, ẹ ò ní fi ojú mọ̀.

Iná gáàsì kékeré ò sì mọ ibi tó yẹ kó dúró. Alumíníọ̀mù máa ń gbé ooru kiri. Ẹ ń gbóná sí ibi ìlà tó gùn bí ìdajì àtàǹpàkò, ooru ti rìn dé ọ̀pá òkè, ó ti rìn dé ọ̀pá ẹ̀yìn méjèèjì. Ohun tí ẹ fi pa ìlà kan, òun lẹ fi sọ gbogbo oríkèé náà di jọ́bọ́jọ́bọ́.

Nǹkan mìíràn tún wà: irin dúdú máa ń pọ́n kó tó yọ́, ó máa ń kìlọ̀ fúnni. Alumíníọ̀mù kì í pọ́n lójú wa. Èèpo tí afẹ́fẹ́ dà sí i lára kò ní yọ́ títí yóò fi kọjá 2,000 °C, irin inú rẹ̀ sì ti ń yọ́ kó tó pé 660. Ẹ ó máa wò ó bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan, àfi kí ó ya lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti rí i kó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọṣẹ́ mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

OlógeereKan

Ẹ̀gbọ́n Iná_Búlúù, ẹ ṣé o. Mo ti gbé iná náà padà sí àyè rẹ̀.

Ìyá Kẹ̀kẹ́, mo ti ṣe bí ẹ ṣe wí, mà. Mo pa ọ̀dà rẹ́. Ìlà náà wà nínú irin. Ó tilẹ̀ gùn ju bí mo ṣe rò lọ, ọ̀dà ló bo ìdí rẹ̀.

Ti òpó ìjókòó, ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Mìlímítà 55 ló wà nínú. Àmì tí wọ́n tẹ̀ sí i lára pé kó má kọjá ibẹ̀ wà ní 100. Ní ọdún tó kọjá ni mo fà á sókè nítorí orúnkún ń dùn mí, n ò sì wo àmì kankan.

Ìyá_Kẹ̀kẹ́

O ti rí ohun tó pa á nìyẹn. Kò burú, ìwọ kọ́ lo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Fojú inú wò ó: bí o bá jókòó, o ń ti orí òpó sẹ́yìn. Òpó náà á fẹ́ yí nínú ọ̀pá. Lókè, ó ń ti etí ọ̀pá sẹ́yìn. Nísàlẹ̀, ìdí òpó ń ti ọ̀pá síwájú. Bí èyí tó wà nínú bá ṣe kúrú tó ni títì náà ṣe ń le tó, torí ibi méjèèjì ti sún mọ́ra jù. Ìdí òpó yẹ kó kọjá ìsàlẹ̀ ibi tí wọ́n ti jó ọ̀pá òkè mọ́ ọn, kí oríkèé náà lè bá a gbé ẹrù. Tìrẹ dúró sókè ibẹ̀. Gbogbo ìwúwo rẹ wà lórí ẹnu ọ̀pá tí wọ́n ti là tẹ́lẹ̀. Gbogbo ihò inú ilẹ̀ tí o gbà kọjá fún ọdún kan, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń jọ̀wọ́ ẹ̀.

Alumíníọ̀mù kì í gbàgbé títẹ̀ yẹn. Irin dúdú, bí ẹrù bá kéré sí ìwọ̀n kan, ẹ lè máa gbọ̀n ọ́n títí láé kó má sán. Alumíníọ̀mù kò ní irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Ẹrù kékeré pàápàá ń jẹ nínú ẹ̀, ó kàn ń pẹ́ ni. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀pá rẹ̀ ní fífẹ̀, kí ó má bàa máa tẹ̀ púpọ̀.

Fáìlì_àti_Sáńpépà

Èmi ò ní dábàá iná. Àmọ́ ọ̀nà mìíràn wà tí kò gbóná rárá. Ẹ fi dírílì lu ihò kékeré, bíi mìlímítà 3, sí orí ìlà náà gan-an níbi tó parí sí. Ẹnu ìlà tó mú bí abẹ ló ń jẹ́ kó máa lọ. Tí ẹ bá sọ ọ́ di róbótó, yóò dúró. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ fi aṣọ kábọ́ọ̀nù àti gọ́ọ̀mù ẹpọ́sì wé e yípo. Wọ́n ti ń fi gọ́ọ̀mù ṣe férémù alumíníọ̀mù láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ilé iṣẹ́ Alan ní Ítálì ti fi sikúrúù àti gọ́ọ̀mù so férémù tiwọn pọ̀ ní àwọn ọdún 1970. Vitus 979 ti ilẹ̀ Faransé, gọ́ọ̀mù ló so ó, Sean Kelly, gbajúmọ̀ eléré kẹ̀kẹ́, sì fi irú rẹ̀ díje láàárín àwọn ọdún 1980. Ta ló lè sọ pé gọ́ọ̀mù ò lágbára?

Iná_Búlúù

Gọ́ọ̀mù lágbára. Èmi kọ́ ni n ó bá a jà. Àmọ́ férémù tí ẹ dárúkọ yẹn, láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ṣe oríkèé rẹ̀ kí gọ́ọ̀mù lè dì í mú: ọ̀pá wọ orí ìdè, wọ́n gùn lé ara wọn dáadáa. Ẹ̀yin fẹ́ wé aṣọ yípo oríkèé tí ọ̀pá mẹ́rin pàdé sí, tí òpó tún gbọ́dọ̀ máa wọ inú rẹ̀, tí bọ́ọ̀tì tún ń fún un. Níbo lẹ ó gba kọjá tí ẹ ó fi wé e?

Ti ihò orí ìlà, lára bàálù ni wọ́n ti ń ṣe irú ẹ̀, kí ó lè dúró títí wọ́n á fi tún un ṣe dáadáa. Wọn kì í lu ihò kí wọ́n sì fò lọ fún ọdún mẹ́wàá. Ibi tí ẹ bá fojú rí pé ìlà parí sí sì kọ́ ló parí sí.

Fáìlì_àti_Sáńpépà

Mo gbà fún oríkèé yìí. Tó bá jẹ́ àárín ọ̀pá ni, n ò bá jiyàn títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ wé àárín ọ̀pá, ẹ gbọ́ èyí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà. Ẹ pa ọ̀dà rẹ́ kọjá ibi tó sán dáadáa, lápá méjèèjì. Ẹ fi ásítóònù nù ún. Ẹ wá da omi tó mọ́ sí i lára kí ẹ máa wò ó. Bí omi náà bá tẹ́ pẹrẹsẹ bí awọ, ó mọ́. Bí ó bá ṣẹ́ ní kóró-kóró bí ìrì orí ewé kókò, epo ṣì wà níbẹ̀, ẹ tún un nù. Lẹ́yìn tó bá gbẹ, ẹ fi sáńpépà tuntun yún un lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sì fi gọ́ọ̀mù sí i kíá, torí èèpo tí afẹ́fẹ́ ń dà sí alumíníọ̀mù kì í fàkókò ṣòfò. Aṣọ àkọ́kọ́ tó máa kan irin gbọ́dọ̀ jẹ́ ti gíláàsì, kí ó tó kan kábọ́ọ̀nù. Tí kábọ́ọ̀nù bá fara kan alumíníọ̀mù tí omi tàbí òógùn wọ àárín wọn, àwọn méjèèjì á di bátìrì, alumíníọ̀mù ló sì máa jẹ tán. Ẹ bo imú nígbà tí ẹ bá ń yún kábọ́ọ̀nù.

Ọ̀nà_Jíjìn

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìrírí tèmi. Ọ̀pá ẹ̀yìn férémù mi sán níhà ṣéènì, lẹ́bàá ibi tí pẹ́dàlì ti ń yí. Mo gbé e fún wẹ́dà kan. Ẹni náà mọ iṣẹ́ o, n ò ní purọ́ mọ́ ọn, ojú wẹ́ẹ̀dì náà tẹ́ bí owó tí wọ́n tò sórí ara wọn. Mo kun ún lọ́dà, mo gùn ún fún oṣù mẹ́jọ, mo ń fi yangàn.

Ọjọ́ tó máa já, mo kàn gbọ́ "páú" bí ẹ̀ka igi gbígbẹ. Táyà ẹ̀yìn yà gbà ẹ̀gbẹ́ kan, mo di ilẹ̀ mú. Nígbà tí mo wò ó, wẹ́ẹ̀dì náà ṣì wà digbí. Ìka kan sí i ni ọ̀pá ti já, ní ibi tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn.

Iná_Búlúù

> Ìka kan sí i ni ọ̀pá ti já

Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ibi tí ooru dé tí kò yọ́, ibẹ̀ ló ti rọ̀ jù. Wẹ́dà yẹn ṣe iṣẹ́ tiẹ̀, kò sí ààrò tí yóò gba férémù lẹ́yìn rẹ̀ ni. Ẹni tó bá sọ pé òun ó jó férémù 6061 fún yín, ẹ bi í léèrè ohun tó máa ṣe lẹ́yìn tó bá jó o tán. Bí ó bá ní "kò sí nǹkan kan," ẹ gbé kẹ̀kẹ́ yín.

7005, irú alumíníọ̀mù mìíràn, sàn díẹ̀ ní tirẹ̀. Kò nílò kí wọ́n rì í bọ omi lẹ́yìn wẹ́ẹ̀dì, fúnra rẹ̀ ló ń gba ọ̀pọ̀ nínú agbára rẹ̀ padà bí ẹ bá fi í sílẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láìgùn ún. 7075 ní tirẹ̀, ẹ má dá a lábàá, kì í gba wẹ́ẹ̀dì báyìí, yóò sán bó ṣe ń tutù.

Ẹni tó ní ẹ̀rọ wẹ́ẹ̀dì TIG nílé tó sì fẹ́ fi ọ̀pá àlòkù kọ́ ọwọ́: iná alátẹ̀yìnwá-alátẹ̀síwájú (AC) ni, gáàsì argon gidi, ọ̀pá ìfikún 4043 tàbí 5356. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi omi ìnubíréèkì nu ojú ibi tí ẹ fẹ́ jó. Àwọn kan nínú wọn ní kilorín nínú, ìmọ́lẹ̀ wẹ́ẹ̀dì sì lè sọ ọ́ di èéfín phosgene, májèlé tí wọ́n fi jagun nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ásítóònù ni kí ẹ lò, kí ó sì gbẹ kanlẹ̀ kí ẹ tó tan iná.

Táyà_Méjì

Ẹ má bínú pé mo já wọ àárín ọ̀rọ̀. Kẹ̀kẹ́ alumíníọ̀mù lèmi náà ní, àgbà ni o, mo rà á lọ́wọ́ ẹnìkan. Ìrísí rẹ̀ dà bí ẹni tó jagun bọ̀. (a) Etí tí wọ́n fi gbé ẹ̀rọ tó ń pààrọ̀ ṣéènì kọ́ lẹ́yìn ti tẹ̀ wọnú. (b) Ihò kan nínú méjì tí wọ́n fi de igò omi mọ́ra ti jẹ, bọ́ọ̀tì ń yí lásán. (d) Ọ̀pá òkè jin níbì kan, ó tó kí orí ìka jókòó sí i. Ṣé ó ti parí fún un ni?

Ìyá_Kẹ̀kẹ́

Rárá o, o tilẹ̀ ṣoríire. Méjì nínú mẹ́ta yẹn wà lára ohun tí a lè tún ṣe nílé láìbẹ ẹnikẹ́ni.

Etí ẹ̀yìn yẹn: wo inú ibi tí àgbá ẹ̀yìn ń jókòó sí, bóyá o rí sikúrúù kékeré kan tàbí méjì tó dì í mú. Bí wọ́n bá wà, a jẹ́ pé ó ṣeé tú. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ ni pé kí òun kú kí férémù má kú. Tú u, mú un dání lọ ra irú ẹ̀ gẹ́lẹ́, torí ìrísí wọn pọ̀ bí ewé. Bí o bá fẹ́ tọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀, yí bọ́ọ̀tì ìwọ̀n M10×1 (eléyín kúnná) sínú ihò rẹ̀ kí ihò náà má bàa bàjẹ́, kí o rọra tọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Má tọ́ ọ síhìn-ín, kí o tún tọ́ ọ sọ́hùn-ún. Alumíníọ̀mù tí a tẹ̀ lọ tẹ̀ bọ̀ á já mọ́ ọ lọ́wọ́. Bí kò bá ṣeé tú, tó jẹ́ ara férémù, fi sùúrù ṣe é gan-an.

Ihò igò omi: M5 ni. Bí nọ́ọ̀tì rẹ̀ bá ń yí nínú ọ̀pá, ó ti jọ̀ ni; bí ó bá dúró ṣùgbọ́n eyín inú rẹ̀ ló jẹ, ó ṣeé lù tóbi kí a sì fi okùn eyín tuntun onísípíríǹgì sí i. Èyí tó jọ̀, wọ́n ní nọ́ọ̀tì alámùúfún tí ìdí rẹ̀ máa ń wú sínú ọ̀pá tí o bá fún un. Fi gíríìsì sí i. Bọ́ọ̀tì irin nínú alumíníọ̀mù láìsí gíríìsì, ìpẹtà ló máa so wọ́n pọ̀.

Ti ibi tó jin: pa iná, fi tọ́ọ̀ṣì tàn án láti ẹ̀gbẹ́. Bí ó bá rí bí àwo tó tẹ́ lẹ́rẹ̀kẹ́, tí etí rẹ̀ yọ̀ gọ̀ọ́lọ̀, máa gùn ún kí o máa wò ó. Bí ó bá ní etí tó ṣẹ́ bí ìwé tí a ká, tàbí tó wà lẹ́bàá oríkèé, jọ̀wọ́ má gùn ún mọ́. Àárín ọ̀pá fẹ́lẹ́ ju ìdí rẹ̀ lọ, àwọn kan ò pé mìlímítà kan. Má gbìyànjú láti fà á jáde. Bí o bá fi ohun tí wọ́n fi ń dí ara ọkọ̀ tó jin dí i tí o kun ún lọ́dà, ẹwà lásán ni, kò fi agbára kankan kún un.

Táyà_Méjì

Ẹ ṣé gan-an, mà. Sikúrúù kan wà níbẹ̀ lóòótọ́! Mo ti ń wò ó láti ọdún méjì, n ò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe.

OlógeereKan

Ẹ̀yin ará, mo padà dé. Ẹnìkan yá mi ní agolo mẹ́ta tí wọ́n fi ń wá ibi tó sán: ti ìnù, ti àwọ̀ pupa, àti ti lúbúlúbú funfun bí ẹfun. Mo nu ibẹ̀, mo fọ́n pupa sí i, mo dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo fi aṣọ tó ní omi ìnù díẹ̀ nu gbogbo pupa náà kúrò (lára aṣọ ni kí ẹ fọ́n ọn sí o, kì í ṣe lára irin, kí ó má bàa fọ èyí tó ti wọlé jáde), mo wá fọ́n funfun sí i.

Fún bí ìṣẹ́jú méjì kò sí nǹkan kan, inú mi ti ń dùn. Lẹ́yìn náà ni pupa bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú funfun náà, díẹ̀díẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ tó ń gba inú òwú. Ìlà tí mo mọ̀ yọ, ó ti wọ inú ojú wẹ́ẹ̀dì. Òmíràn tún yọ ní apá òsì tí n ò mọ̀ rárá, ó ń gba etí wẹ́ẹ̀dì lọ bí ẹni ń yí i ká.

Ṣé ọ̀nà kan ṣì wà?

Iná_Búlúù

Rárá. Méjì tó ń lọ pàdé ara wọn létí wẹ́ẹ̀dì. Gbé e kọ́.

Ṣéènì_Já

Tó bá ti òpó tuntun tó gùn bọ̀ ọ́ tó kọjá oríkèé náà ńkọ́? Òpó á gbé ẹrù, ìlà náà á sinmi.

Ìyá_Kẹ̀kẹ́

Ká ní ìlà kan péré ni, tó kúrú, tí kò tíì kan wẹ́ẹ̀dì, mi ò bá dákẹ́ fún ọ. Àbá rẹ kò burú. Àmọ́ èyí ti kọjá ibẹ̀. Bí oríkèé yẹn bá yà, ìjókòó á ṣubú sẹ́yìn pẹ̀lú ẹni tó wà lórí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á sì ṣì di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú. Àwọn ibi mìíràn wà tí mi kì í tilẹ̀ jiyàn lé: ọ̀pá orí, fọ́ọ̀kì, àti ọrùn tó gbé ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Ẹni tó bá rí ìlà níbẹ̀, kí ó sọ̀ kalẹ̀ kí ó máa tì í lọ sílé.

OlógeereKan, tú gbogbo ohun tó ṣì dára kúrò lára rẹ̀. Férémù nìkan ló kú. Wọn ìlà-àárín (fífẹ̀) òpó ìjókòó kí o tó wá férémù mìíràn, mìlímítà 27.2 àti 31.6 ló wọ́pọ̀ jù, àìtó díẹ̀ pàápàá lè jẹ́ kó máa yọ̀.

OlógeereKan

Mo ti gba kámú. Mo fi ayùn irin gé oríkèé náà jáde kí n lè rí inú rẹ̀, kí ẹlòmíràn má sì lọ gbé e níbi ìdalẹ̀nù kó tún gùn ún. Mo gbà pé Ẹ̀gbọ́n Iná_Búlúù mọ ohun tí wọ́n ń sọ: lóde, ìlà òsì yẹn kò gùn ju èékánná lọ. Nínú, ó ti gba ìlọ́po méjì ìyẹn. Ojú ibi tó ti sán tẹ́lẹ̀ dúdú, ó dán, ó ní àwọn ìlà wẹ́ẹ́rẹ́-wẹ́ẹ́rẹ́ bí etí òkun tí omi ti fà sẹ́yìn. Ibi tí mo fi ọwọ́ ya funfun, ó rí hẹ́hẹ́hẹ́. Ká ní mo lu ihò sí òpin èyí tí mo rí lóde ni, mi ò bá lu ihò sí àárín ìlà.

Férémù mìíràn ti wà nílẹ̀, àlòkù ni, mo ti fi pupa àti funfun yẹn wo gbogbo oríkèé rẹ̀, ó mọ́. Ohun kan ló kù. Nínú ìdérí onísikúrúù méjì tó wà lẹ́nu ilé tí pẹ́dàlì ti ń yí, ọ̀kan kò fẹ́ tú lára èyí tó kú. Ti òsì ti tú. Ti ọ̀tún, ní ẹ̀gbẹ́ ṣéènì, mo ti ń fà á láti àárọ̀, mo ti fi páìpù gígùn kún ọwọ́ sípánà, ó ń le sí i ni.

Ìyá_Kẹ̀kẹ́

Apá ibo lo ń yí i sí?

OlógeereKan

Sí òsì, mà, bí a ṣe ń tú gbogbo nọ́ọ̀tì.

Ìyá_Kẹ̀kẹ́

O ti ń fún un láti àárọ̀ nìyẹn. Wọn fífẹ̀ ilé náà. Bí ó bá jẹ́ mìlímítà 68 tàbí 73, eyín rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ irú ti Gẹ̀ẹ́sì, ti ọ̀tún rẹ̀ sì ń tú bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, òdìkejì ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀tì. Bí ó bá jẹ́ 70, ti Ítálì ni, apá méjèèjì ń tú sí òsì bí o ṣe ń ṣe é.

OlógeereKan

68 ni.

Ó ti tú. Ẹ̀ẹ̀kan péré.